Ọdẹ́rìndé àti Ihò Kejìdínlógún Ìlú Ódọ̀la

Ẹni tó bá gbé ìkòkò ka iná kó lọ sọ̀ ọ́ ná, ẹni tí oorun bá sì ń kùn kó lọ sùn nílé ara rẹ̀, nítorí Ọdẹ́rìndé ti jókòó, kò sì ní tún ọ̀rọ̀ kankan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò tún gbogbo rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn ọdẹ Òkè-Aáyán kì í wọgbó ni. Abẹ́ igi odán tó wà lágbàlá Láwọyin ni wọ́n kóra jọ sí, Ọdẹ́rìndé sì jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ iye ẹkùn tó ní òun ti pa, ẹ ó ṣírò pé inú ìyá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kó tó la ẹnu, Àwẹ̀ró àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ìyàwó Láwọyin, tẹ̀ síwájú, ó rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ẹ wúkọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ wúkọ́ dáadáa o. Lọ́jọ́sí, díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ gbàgbé."

"Mo ní mo ti gbọ́, Àwẹ̀ró!"

Gbogbo àwọn tó jókòó ló mọ ibi tí obìnrin náà ń sọ. Láwọyin nìkan ni kò mọ̀. Iṣẹ́ oyin lòun ń ṣe, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń hun apẹ̀rẹ̀ tí yóò fi kó afárá, ó ń rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ràn ìtàn yìí. Inú rẹ̀ ló ti ṣe òmùgọ̀ jù láyé rẹ̀, kò sì bínú sí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbéyàwó Ìbídùn, ọmọ Láwọyin. Ní Òkè-Aáyán, ọmọbìnrin kì í kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé bàbá náà gbé ọwọ́ lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà, kó sì súre fún un. Bí bàbá bá ti kú, àbúrò bàbá á dúró dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Láwọyin ò kú. Ó wọ igbó lọ wá oyin, kò sì padà fún ọdún méjì gbáko, síbẹ̀ àwọn ọdẹ tó bá kọjá létí igbó àwọn iwin máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán níbi tó ti ń bú nǹkan kan. Ẹni tó ń búni ò tíì kú, ẹnikẹ́ni ò sì lè dúró nípò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìgbéyàwó náà síwájú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ẹbí ọkọ ránṣẹ́ pé àwọn á dúró fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún sí i, bí àwọn ò bá rí bàbá ìyàwó, àwọn á wá ìyàwó lọ síbòmíràn. Ìbídùn ò sunkún. Ó kàn dẹ́kun orin tó máa ń kọ tó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ni, gbogbo ilé sì gbọ́ ìdákẹ́ náà.

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn. Ó ní, "Èmi nìkan ló lè lọ." Kò sì sẹ́ni tó bá a jiyàn, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó fẹ́ lọ.

Bó ṣe rìn ín, ẹ má bi í. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rìn, ohun tí ojú rẹ̀ sì rí nínú ọjọ́ mẹ́fà náà, bó bá sọ ọ́ tán, ẹ̀ ń bọ̀ wá sùn síbí. Ó ní lọ́jọ́ kẹta, atẹ́gùn kan dé tó máa ń fẹ́ orúkọ ẹni lọ bí ẹní fẹ́ èèpo ẹ̀pà. Ó fẹ́ tirẹ̀ lọ. Ó dúró láàárín igbó, kò mọ ẹni tí òun jẹ́, kò mọ ìlú òun, kò mọ ohun tó ń fi ìbọn ṣe.

"Kí lẹ wá ṣe, Bàbá Ọdẹ?" Ògídíolú tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló béèrè. Ó ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ibẹ̀.

"Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Mi ò mọ ẹni tí mò ń fi yangàn, ṣùgbọ́n ẹnu mi mọ ọ̀nà. Mo ń bá a lọ, mo ń bá a lọ, nígbà tí mo dé orí ẹkùn kẹta, mo ní, 'Ó tó! Ọdẹ́rìndé nìkan ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí.' Bí mo ṣe rí ara mi padà nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀, ó ní òótọ́ lòun sọ.

Ní ibodè igbó ló ti pàdé iwin kan tí ẹnu rẹ̀ wà ní orúnkún, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sókè kí ohùn rẹ̀ má baà wọlẹ̀. Iwin náà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ní, "Kó o tó kọjá, dáhùn èyí. Kí ló na ènìyàn ní ìgbà mẹ́tàdínlógún, tó fọwọ́ pa á lórí lẹ́ẹ̀kan péré, tí ẹni náà sì ń dúpẹ́, tó tún ní òun ń bọ̀ lọ́la?"

Ọdẹ́rìndé ronú. "Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ."

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú, nítorí ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ó ní, "Kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Máa lọ. Wàá fún mi ní èsì tó o bá ń padà bọ̀, bó o bá padà."

Ìlú tó wọ̀ yẹn, Ódọ̀la ni wọ́n ń pè é. Ìlú náà ní ẹnubodè, ṣùgbọ́n ẹnubodè ọ̀hún ò ní ilẹ̀kùn, kò sì sí olùṣọ́. Ọdẹ́rìndé yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, kò rí àgádágodo, kò rí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣe é ní kàyéfì. Kí ló wá ń dá àwọn ènìyàn dúró níbí?

Gbogbo ilẹ̀ ìlú náà jẹ́ koríko tí wọ́n rẹ́ mọ́lẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Iwin àti ènìyàn ló ń rìn káàkiri lórí rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú igi gígùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, wọ́n ń fi gbá bọ́ọ̀lù funfun kan tí kò ju ẹyin àparò lọ. Wọ́n ní gọ́ọ̀fù ni orúkọ eré náà. Ihò méjìdínlógún ló wà, wọ́n sì jìnnà síra. Ìwọ̀n ìgbà tó o bá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò ni ìwọ̀n ìtìjú rẹ. Ọdẹ́rìndé rí ọkùnrin kan tó ní ojú mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, tí kò sì rí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó rí òmíràn tó ní ọwọ́ mẹ́rìndínlógún, àwọn ọwọ́ náà ń bá ara wọn jà lórí èyí tí yóò di igi mú. Kò sí ẹni tó mọ eré náà gbá nínú wọn. Ó sì dà bí ẹni pé ìyà ń jẹ gbogbo wọn.

Ibi kòtò iyanrìn kan ló ti bá Láwọyin, ó ti rì dé ìbàdí, ó ń bú iyanrìn náà ní orúkọ ìyá rẹ̀.

"Láwọyin!"

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàbọ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn, ẹ ń bò mí lójú."

"Ọmọ rẹ ń ṣe ìgbéyàwó. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì ni ti ọ̀nà."

"Ìbídùn? Ọmọ mi Ìbídùn?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "A gbọ́dọ̀ lọ lónìí. Ẹ jẹ́ n kàn gbá èyí tán. Mo ti kórìíra eré burúkú yìí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò lè mọ bí mo ṣe kórìíra rẹ̀ tó."

Ọdẹ́rìndé tẹ̀lé e. Ní ihò karùn-ún, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ omi. Ní ìkẹsàn-án, ó kọlu igi, ó padà wá lù ú láyà. Ní ìkẹtàlá, ó bá iwin kan níwájú orí, iwin àti bọ́ọ̀lù sì jọ dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ìkẹtàdínlógún, Láwọyin fi igi náà lu ilẹ̀, ó búra pé bí òun bá tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn òní, kí oyin ta òun ní ahọ́n. Inú Ọdẹ́rìndé dùn.

Ni wọ́n bá dé orí òkè kan, ihò kejìdínlógún sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn: adágún omi kan láàárín, koríko tútù lódìkejì, àsíá pupa kan lójú ihò, àti lẹ́yìn ihò, ilé ńlá kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kún fún àwọn tó jókòó ń wòran. Láwọyin di igi mú dáadáa. Ó gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá omi, ó balẹ̀ sórí koríko, ó rọra ń yí, ó rọra ń yí, ó dúró sẹ́bàá ihò. Wọ́n pariwo "Háà!" láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láwọyin sáré lọ, ó tì í wọlé.

"Ẹ rí i? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ mi ti ń mọ̀ ọ́n! Lọ́la, bí mo bá kàn ti fara balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀..."

"O búra."

"Fún kí ni?"

Kò rántí. Ẹ gbọ́ mi o, kò ṣe bí ẹni tó gbàgbé, ó gbàgbé gan-an. Ihò mẹ́tàdínlógún ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Ní alaalẹ́, gbogbo ìlú á máa kí ara wọn pé "Ó dọ̀la o," tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni pé wọn kò sunkún ní ọ̀sán.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọdẹ́rìndé fi Láwọyin sílẹ̀, ó lọ wo ihò náà fúnra rẹ̀. Ọdẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bìtì dídẹ ló fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, ó wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ̀.

"Ta ló ń fi irùngbọ̀n tẹ koríko mi mọ́lẹ̀?"

Ìyá arúgbó kan ni, iwin, èékánná rẹ̀ gùn bí dòjé, òun ló sì fi ń rẹ́ koríko náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ̀bìtì gidi lẹ dẹ síbí."

Ìyá náà jókòó wọ̀ọ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń rẹ́ koríko, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó pè é bó ṣe jẹ́. Dìde, jẹ́ n fi hàn ọ́." Ẹ mọ bí inú oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe máa ń dùn tó bá rí ẹni tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. "Ihò mẹ́tàdínlógún ìyókù, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ilẹ̀ ṣe ba ara rẹ̀ jẹ́ ni mo fi í sílẹ̀. Ìyà ò nílò àtúnṣe. Èyí nìkan ni mo ṣe. Omi yẹn, báwo lo ṣe rí i láti orí òkè?"

"Bí òkun."

"Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ìféfé, koríko etí odò, ni mo gbìn sí etí rẹ̀, ojú ló ń so wọ́n pọ̀ mọ́ omi. Ẹni tó bá gbá a kọjá á rò pé òun ti gbá a kọjá òkun. Ibi tó máa balẹ̀ sí ńkọ́? Fọwọ́ pa á."

"Abọ́ ni. Ẹ gbẹ́ ẹ bí abọ́."

"Ṣíbí ni mo fi gbẹ́ ẹ, ọdún kan gbáko. Ibikíbi tó bá balẹ̀ sí, ihò ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rọra lọ, kí ẹni tó gbá a lè rò pé ọwọ́ òun ló rán an. Àwọn tó jókòó lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ̀nyẹn, èmi ló to ìjókòó wọn. Kò sí ẹni tó rí ẹ nígbà tó ò ń rì sínú iyanrìn. Ibi yìí nìkan ni gbogbo ayé ti ń wò ẹ́."

Ọdẹ́rìndé mi orí. Bí òun náà ṣe ń dẹ ẹ̀bìtì fún òkété nìyẹn: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹyìn lásán ló ń fọ́n síbẹ̀, kò ní gbé igi lé e, kí òkété kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. "Okùn ẹ̀ dà, Ìyá?"

"Kò ní okùn. Ẹran náà ló ń so ara rẹ̀."

"Kí ló dé tí kì í wọlé lójoojúmọ́?"

"Bó bá ń wọlé lójoojúmọ́, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Bí kò bá wọlé rárá, wọ́n á lọ sílé wọn."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ẹni tí òun ń sọ ọ́ fún. Ọdẹ́rìndé dúpẹ́, ó sì kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bí oòrùn ṣe kanrí, Ìyá náà fi èékánná bo ojú, ó sùn. Ọdẹ́rìndé mú ọkọ́. Ó kó erùpẹ̀ dà sínú abọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún kó sí i, títí abọ́ fi di ẹ̀yìn ahun, tí ihò sì wà lókè téńté rẹ̀. Ó fi koríko bò ó, kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Láwọyin dé orí òkè. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù kọjá omi, ó balẹ̀ dáadáa, ó yí, ó yí sẹ́yìn, ó wọ omi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ó gbá òmíràn. Omi. Ó gbá ẹ̀kẹta. Omi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ti lé ròrò. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé igi náà kalẹ̀, ó sì sọ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ń dùn mí. Ìgbéyàwó Ìbídùn, ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́fà. Bí a bá lọ nísinsìnyí."

Àwọn yòókù náà gbá tiwọn, omi ló gbé gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan sọ igi sílẹ̀, òmíràn sọ tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nubodè bí ẹní tú kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láwọyin ti wà níta ẹnubodè, ó kọ ẹ̀yìn sí ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń di okùn bàtà rẹ̀.

Nígbà tí ìtàn dé ibí yìí, Ọdẹ́rìndé wúkọ́.

"Láwọyin," Àwẹ̀ró pe ọkọ rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú wo ilé oyin tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn."

"Wọ́n máa ń kùn. Oyin ni wọ́n."

"Ẹ bá mi yọjú sí wọn."

Láwọyin dìde, ó lọ. Wọ́n dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi dún mọ́, Ọdẹ́rìndé sì fà sún mọ́ wọn lórí odó rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òfin kan wà tí gbogbo ẹni tó ń dẹ ẹ̀bìtì ní Òkè-Aáyán ń pa mọ́: o ò gbọdọ̀ kúrò nídìí èyí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ láìfi igi tọ́ ọ wò fúnra rẹ, kó o rí i pé ó ré. Ìyá Iwin ti jí. Kò pariwo. Ó yí ẹ̀yìn ahun náà ká, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?"

"Tèmi."

"O mọ iṣẹ́. Ṣé o ti tọ́ ọ wò?"

Ojú ti Ọdẹ́rìndé. Àádọ́ta ọdún tó ti ń dẹ ẹ̀bìtì, irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ó ní kó má baà di pé òun fi iṣẹ́ àìtọ́wò sílẹ̀ lẹ́yìn òun. Ó mú igi tí Láwọyin gbé kalẹ̀, ó dì í mú bí ẹni di ọkọ́, ó gòkè lọ, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i bí yóò ṣe wọ omi.

Kò wọ omi. Ó fò, ó kọjá, ó balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ahun náà, ó ń gun un lọ bí èèrà, ó ń gun un lọ, ó dé òkè, ó dúró. Ìka mẹ́rin ló kù kó wọ ihò.

"Háà!" Kì í ṣe láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú ọ̀nà ni. Àwọn tó ń lọ sílé ti bojú wẹ̀yìn. Ọlọ́wọ́ mẹ́rìndínlógún ní, "Bí bàbá arúgbó tí kò gbá a rí bá lè dé ìka mẹ́rin, kí ni èmi ò ní ṣe?" Ó yí padà, ó mú igi rẹ̀. Èkejì tẹ̀lé e. Kó tó ṣẹ́jú, gbogbo ìlú ti kún padà, wọ́n sì ń ti ara wọn lórí òkè.

Ìyá Iwin ní, "Mi ò ní tún un ṣe mọ́. Bó ṣe wà yìí gan-an ni n ó fi í sílẹ̀. Ó dáa ju tèmi lọ. Wá, sọ̀kalẹ̀ wá fi ìyókù sínú ihò, ìka mẹ́rin péré ni."

Ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìndé ti gbé e dé àárín òkè nígbà tó gbọ́ ohùn Láwọyin láti ìta ẹnubodè: "Ẹ̀gbọ́n! Oòrùn ń lọ o! Ìbídùn ń dúró!" Láwọyin ò bojú wẹ̀yìn. Okùn bàtà rẹ̀ ló ń dì. Ọdẹ́rìndé wo bọ́ọ̀lù náà, ó wo ẹnubodè tí kò ní ilẹ̀kùn, ó sì mọ̀ báyìí bí ó ṣe wúwo tó láti gbà á kọjá. Ó ní ó nira ju gbogbo ẹkùn tí òun ti pa lọ. Ó gbé igi náà kalẹ̀.

"Ariwo kí ni mo gbọ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹyẹ ni."

Ní ibodè igbó, iwin ẹlẹ́nu-orúnkún gbé ẹsẹ̀ sókè, kò tilẹ̀ tún ìbéèrè náà bi í. Ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "O ti mọ̀ ọ́n," ó sì kí i pé, "Ó dọ̀la o." Wọ́n dé Òkè-Aáyán ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Láwọyin gbé ọwọ́ tó lé ròrò náà lé Ìbídùn lórí lẹ́nu ọ̀nà, ó súre títí àwọn àna fi ń wo oòrùn.

"Bọ́ọ̀lù yẹn wá ńkọ́, Bàbá Ọdẹ?" Ògídíolú béèrè.

"Ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ti wọgbó, apá ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi máa ń yà sí. Ẹ ẹ̀ rí i pé bí a bá ta ẹran lọ́gbẹ́, a gbọ́dọ̀ tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí a fi rí i..." Àwẹ̀ró wò ó.

Láwọyin ti ẹ̀yìnkùlé dé, igi tó fi ń finá sí oyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ibo lẹ bá a dé?" Èso odán kan wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láìwò ó, ó fi igi náà tì í, ó tún un tì, ó sì rọra gbé ejìká rẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo àwọn tó jókòó tẹjú mọ́ igi náà. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín, Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí mo ti jáde, nígbà tí ẹ pẹ́ díẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ kò gbìyànjú rẹ̀ wò?"

Ọdẹ́rìndé la ẹnu. Ohun tó tóbi jù tó ṣe láyé wà lórí ahọ́n rẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo tó lè mọ bó ṣe tóbi tó sì dúró níwájú rẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró. Ó gbọ́ orin Ìbídùn láti inú ilé, torí ó wá kí wọn, ó sì ń bá ìyá rẹ̀ gbálẹ̀.

"Mo gbìyànjú rẹ̀," ó ní. "Omi ló gbé e."

Láwọyin bú sẹ́rìn-ín, ó sọ igi sílẹ̀, ó padà sídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Mo mọ̀. Ọwọ́ yín le jù fún un."

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irọ́ ni Ọdẹ́rìndé ti pa lórí odó yẹn, gbogbo wọn ló sì sọ ọ́ di ńlá. Èyí nìkan ló sọ ọ́ di kékeré. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó dìde, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, kò sọ pé ó dọ̀la. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, àwọn tó jókòó rí ọwọ́ tó ká sẹ́yìn: ó ti na ìka mẹ́rin, ó ń wọn atẹ́gùn.